Golf dísẹ́ẹ̀lì tó yege àyẹ̀wò ọdọọdún ní Belgium: ṣé kí n rà á?

Ìyá Àdùkẹ́, Ọ̀fà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀fà ni mò ń gbé, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni mò ń gba Àjàṣẹ́ kọjá ní àlọ àti àbọ̀. Mo ti ta mọ́tò tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí bí ẹní mu omi ló ṣe ń mu epo. Wọ́n wá fi Volkswagen Golf 5 kan hàn mí ní Gáà Àkàńbí, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 1.9 TDI, ti ọdún 2006. Tòkunbọ̀ láti Belgium ni, mo sì ní Belgium gan-an, kì í ṣe "Belgium" tí a fi ń pe gbogbo ẹrù àlòkù níbí.

Ohun tó ń rú mi lójú rèé. Ẹni tó ń tà á kó ìwé lé mi lọ́wọ́, ó nípọn bí ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ṣe fún un lọ́hùn-ún wà níbẹ̀, ọdún mẹ́fà léra wọn, ó yege nínú gbogbo rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Car-Pass náà wà níbẹ̀, tó kọ iye kìlómítà tó ti rìn sílẹ̀. 212,000 ló wà nínú èyí tó gbẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo aago kìlómítà níwájú dírẹ́bà, 187,000 ni mo rí níbẹ̀! Mo bi í. Ó ní wọ́n pààrọ̀ aago yẹn ni. Ó tún ní, "Màmá, mọ́tò tí òyìnbó ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí lẹ tún ń wá?"

Nígbà tó tan án, ó tú èéfín dúdú díẹ̀, ó sì mọ́. Owó tó ń pè kò wọ́n. Ṣé mo lè torí ìwé àyẹ̀wò yẹn gbọ́kàn lé e? Tí mo bá sì gbé e lọ fún roadworthiness tiwa níbí, ṣé VIO ò ní torí èéfín dá mi padà?

Ọmọ Táńkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá. Ẹ ra Corolla kí ẹ máa sùn.

Mẹkáníìkì Ganmọ

Ẹ má dá Ọmọ Táńkẹ̀ lóhùn, Corolla náà ló ń gbé wá bá mi lóṣooṣù.

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú làálàá ọ̀nà. Ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà ni àyẹ̀wò ń sọ. Wọ́n á gbé táyà sórí irin tó ń yí láti mọ bí bíréèkì ṣe mú tó, wọ́n á wo iná, wọ́n á mi ẹsẹ̀ mọ́tò bóyá ó ń jó, wọ́n á wo ìpẹtà lábẹ́, wọ́n á sì wọn èéfín. Kò sẹ́ni tó ń tú ẹ́ńjìnnì. Timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàbù àti písítìn rìn ní ìbámu, wà lábẹ́ ìdérí, kò sí nínú ìwé kankan. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n wọ́ Golf kan wá bá mi láti ọ̀nà Ìdọ̀fìàn. Roadworthiness rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan, ó ń dán lára gíláàsì iwájú. Bẹ́líìtì ti já, fáàbù ti gbá písítìn, gbogbo rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìṣó tí ọmọdé kàn. Owó tí a fi tún un ṣe, ẹ má bi mí.

Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó jẹ́ àmì ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tó bá jẹ́ BLS, ó ní fílítà èéfín tí wọ́n ń pè ní DPF. Dísẹ́ẹ̀lì tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju 10 nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń rà ní Yúróòpù, púpọ̀ nínú tiwa ni kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀, fílítà yẹn lè dí. BKC dára ju ìyẹn lọ fún ọ̀nà Àjàṣẹ́. Tó bá jẹ́ BXE, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí a ti rí èyí tí béárìn inú rẹ̀ ń lọ. Ẹ bèèrè ọ́ìlì tí wọ́n ń bù sí i pẹ̀lú. Fún èyí tí kò ní DPF, ọ́ìlì tí wọ́n kọ 505.01 sí lára ni Volkswagen ní kí wọ́n máa lò. Ẹni tó bá ń bu èyíkéyìí tó bá rí, camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàbù, ni yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ní ti èéfín: dúdú ni pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, búlúù ni pé ó ń jó ọ́ìlì. Mọ́tò tó pẹ́ lórí ìdúró á tú dúdú díẹ̀. Tó bá gbóná dáadáa tí ẹ sì sá a títí dé Àjàṣẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á jáde. Tó bá ṣì ń tú u lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo fílítà atẹ́gùn, EGR (fáàbù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì) àti rọ́bà tọ́bò kí ẹ tó lọ bá VIO. Ẹ má sì gbàgbé páná-páná àti tíráyáńgù, wọn á bèèrè.

Ẹ lọ bá a ní ìdájí, kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí ẹ fúnra yín ni ẹ tan án.

Ọmọ Ìlọrin ní Manchester

Àǹtí, ẹ ṣọ́ra. Lọ́dọ̀ wa níbí MOT là ń pè é, ọdún 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀, láti ọdún kẹta mọ́tò la sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Ìjọba fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyẹ̀wò náà kò kan ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíà. Tèmi yege lọ́jọ́ Ajé, kílọ́ọ̀ṣì kú kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Èmi kì í wo "ó yege". Ohun tí wọ́n kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni mò ń kà. Tí wọ́n bá ní táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n tún sọ ọ́ lọ́dún kejì àti ìkẹta, ẹ ti mọ irú ẹni tó ni ín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní ra bẹ́líìtì.

Ti aago yẹn, òfin Belgium ló ní kí ẹni tó ń ta mọ́tò àlòkù mú Car-Pass wá, torí àwọn tó ń yí aago padà gan-an ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé kì í lọ sẹ́yìn.

Ìyá Àdùkẹ́, Ọ̀fà

Mo lọ lónìí. Mo sùn sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Táńkẹ̀ kí n lè tètè débẹ̀. Kò tíì tó aago mẹ́fà ààbọ̀, mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ! Ó ti tan án sílẹ̀ kí n tó dé. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rùn fún mi ni.

Mo bi í nípa bẹ́líìtì, ó ní bẹ́líìtì Jámánì kì í já. Mo ní ó dáa, kó gbé aago tí wọ́n yọ wá kí n wò ó. Ó ní ó wà nílé ẹnìkan, òun á pè mí tó bá di ọ̀sán.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù. Ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀ padà láti Ọ̀fà Gáréèjì.

Mẹkáníìkì Ganmọ, ẹ jọ̀ọ́, tí BKC kan bá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹ rántí mi.