Ṣé ọwọ́ Freud wà nínú Leutnant Gustl lóòótọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ lítíréṣọ̀ èdè Jámánì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ta kókó. Wọ́n ní ìwé tí Freud, dókítà ará Austria tó dá ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀, kọ lórí àlá, tó jáde ní ìparí 1899, ló bí Leutnant Gustl, ìtàn tí Schnitzler, òǹkọ̀wé ará Austria, kọ ní 1900, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àbánú-sọ (èrò ọkàn) ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Gustl. Mo fi déètì wéra, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ dókítà ni Schnitzler fúnra rẹ̀: ní 1889 ló ti kọ̀wé nípa fífi hípínọ́sì (mímú èèyàn wọ ipò tó dà bí oorun) wo àwọn tí ohùn wọn lọ. Dujardin, òǹkọ̀wé ará Faransé, sì ti lo irú ọ̀rọ̀ àbánú-sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Mo yẹ lẹ́tà tí Freud kọ sí Schnitzler ní 1922 wò, kò tú kókó náà. Láti ìgbà tí oníbúrẹ́dì di idà Gustl mú títí tó fi sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì ní Prater, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Vienna, ibo gan-an ni àmì Freud nìkan ti hàn?