Ìyá àgbà kò sùn lọ́run: ohun tí ojú mi rí nínú ilé wa

Ilé ọlọ́jẹ̀, ìyẹn ilé eléégún, ni wọ́n bí mi sí, ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn tó ti lọ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá àgbà á ti fọ ẹnu, á ti da omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wá máa ki àwọn baba ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí á fi ṣe é tán. Bí ọmọ bá fẹ́ rìnrìn àjò, bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, bí ẹnìkan bá ríṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ẹ̀yin baba wa, ọmọ yín ń lọ sí Èkó o, ẹ má sùn."

Fíìmù ti ba ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà àwọn baba ńlá jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ni, ojú pípọ́n ni, ohùn tó ń dún láti inú igbó ni. Ìtọ́sọ́nà tí èmi mọ̀ kì í pariwo. Inú oríkì ló wà, inú èèwọ̀ ló wà, inú orúkọ ló wà. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, tí wọ́n sọ ní Babátúndé, ojú ọ̀tọ̀ ni gbogbo ilé fi ń wò ó. Mo rí bàbá arúgbó tó yọ fìlà nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí kò tíì lè rìn dáadáa, rá kọjá níwájú rẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìjà dé sáàárín ìyá mi àti bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, lórí yàrá kan ṣoṣo. Yàrá ìyá àgbà tó ti lọ ni. Bàbá kékeré fẹ́ fi ayálégbé sí i, ìyá mi ní àbúrò mi ọkùnrin ló yẹ kó máa gbé ibẹ̀. Àwọn àgbà bá wọn sọ ọ́ títí, wọn kò gbọ́. Ó wá di pé wọn ò kí ara wọn mọ́. Bí ìyá mi bá wà nídìí ààrò, bàbá kékeré á gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá kan náà. Ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, á na igbá òfìfo sí mi, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù kò bà mí, àmọ́ bí mo bá jí, ara mi kì í balẹ̀ títí di ọ̀sán. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ìyá tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ osú, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé wa. Kò béèrè owó, kò béèrè àgbò. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìgbà wo lo dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ gbẹ̀yìn?" Ìgbà tó gbọ́ bí ilé ṣe rí, ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ ìyá àgbà. A ó bi í."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni ìyá àgbà sùn sí. Láyé àtijọ́, inú ilé tirẹ̀ ni wọ́n ń sin àgbà sí, kí ó má bàa jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú oórì náà, àwọn ọmọdé sì mọ̀ pé wọn kì í fò ó. Bàbá Mógàjí, olórí ẹbí wa, jókòó sórí àpótí, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi àti bàbá kékeré. Obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin wà nínú àwo funfun, omi tútù wà nínú igbá. Bàbá da omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ki ìyá àgbà dé orírun, wọ́n ní, "Ẹnìkan kì í bómi ṣọ̀tá. Obì rèé o, kó bi ikú, kó bi àrùn, kó bi ìjà kúrò nílé wa." Wọ́n la obì, wọ́n fi èékánná já ojú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pa awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n dà á.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: bí awẹ́ méjì bá ṣíjú, tí méjì dojú dé, obì yàn nìyẹn, ẹni tí à ń bi ti gbà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dojú dé, ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ti wa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dojú dé. Bàbá béèrè bóyá ìnáwó kan ló kù tí a ò ṣe. Kò yàn. Wọ́n béèrè bóyá ojú oórì ni a ò tọ́jú. Kò yàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri pé, "Ẹ bi í bóyá ìjà yàrá yìí ni." Wọ́n dà á. Méjì ṣí, méjì dé.

Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú oórì, omi ń dà lójú wọn. Bàbá kékeré ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n máa dìde, ìyá mi pè wọ́n ní "ọkọ mi," ohun tí a ò gbọ́ lẹ́nu wọn látìgbà tí bàbá mi ti kú. A pín obì náà jẹ, a mu nínú omi igbá kan náà. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé yàrá náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ tó bá wálé láti ìdálẹ̀ ni yóò máa sùn síbẹ̀. N kò lá àlá yẹn mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé èrò ọkàn mi ló di àlá. N ò ní bá a jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ tẹríba fún èkejì nínú àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà kò fi wọlé. Ìyá àgbà ni wọ́n tẹríba fún. Nítorí rẹ̀, ojú kò ti ẹnikẹ́ni.

Ní ti egúngún, mi ò ní sọ púpọ̀. Bí Olóòlù bá jáde ní Ìbàdàn, àwa obìnrin a wọlé, bí obìnrin bá sì mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Àmọ́ ara ọ̀run ti ilé tiwa máa ń dúró súre fún wa. Ọdún tó tẹ̀lé ikú bàbá mi, ó fi oríkì bàbá mi pè mí níwájú gbogbo èèyàn, mo sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí atọ́kùn, ẹni tó ń tọ́ egúngún sọ́nà, fi ní kí n dìde.

Ifá náà ń bá wa sọ̀rọ̀. Odù 256 ni Ifá ní, ìmọ̀ Ifá yìí sì ni UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2005. Ọ̀kan nínú Odù wọ̀nyí ló jáde nígbà tí babaláwo dá Ifá ní ìta ọmọ mi, ọjọ́ kẹta tí a bí i, tí a ṣe àkọsẹ̀jayé rẹ̀ láti mọ irú ayé tó wá gbé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lù ú lórí. Nígbà tí ibà mú un, babaláwo kan náà ló ní kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Nítorí náà, ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé òkú yín ń bínú, tó ń béèrè owó kó tó béèrè orúkọ bàbá yín, ẹ sá fún un. Inú máa ń bí mi gidigidi sí irú wọn, torí ọ̀fọ̀ àwọn èèyàn ni wọ́n ń jẹ.

Ọ̀pọ̀ ní ilé wa ló ń kírun, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì máa ń wálé. Ní 2023 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó fúnni ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ti 20 oṣù kẹjọ, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà ráyè dé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn baba ńlá rẹ̀, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí rẹ̀, kó ní kí ó ki òun, kó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. A ti ki ìdílé bàbá wọn tán. Ìdílé ìyá wọn ló kàn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé ó gùn ju ìyẹn lọ, kí n gba agbára sí fóònù dáadáa kí n tó wá.