Ta ló mọ owó ìrànwọ́ tó wà fún ìtọ́jú àgbà onílù?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ Àyàn ni mí ní ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ bàbá tó kọ́ mi ní ìlù ni mo sì fẹ́ fi lọ̀ yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún wọn ti ń ro wọ́n, débi pé níbi òkú àgbà kan lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹgọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìyáàlù ki olókùú, ọmọ mi ló sì bá wọn ṣà á nílẹ̀. Wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì, wọn kò sì sí nínú ètò adójútòfò ìlera kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan.

Mo ti wá owó ìrànwọ́ kiri. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Prince Claus Fund ti ilẹ̀ Netherlands ń fún ní 5,000 owó yúrò wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù tí mo rí, iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń náwó sí, wọn kì í bojú wo ara ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ara bàbá yìí gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ àjọ tó ń fún àgbà oníṣẹ́ àṣà lówó ìtọ́jú? Bí fọ́ọ̀mù bá sì béèrè ìwé ẹ̀rí, kí ni kí a kọ fún ẹni tó jẹ́ pé agboolé ló ti kọ́ṣẹ́? Ṣé lẹ́tà ọba àti fídíò yóò tó?