Robust optimization fún páìpù gáàsì: compressor ń jẹ gáàsì jù

Ọmọ Agbówó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ìwádìí màsítà mi ló fẹ́ pa mí ní Agbówó níbí. Páìpù gáàsì kan ni, ó ń bọ́ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná mẹ́ta, compressor (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀) méjì ló ń tì í. Iye tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fà lọ́la kò dájú: ó lè ju èyí tí mo fojú bù lọ ní ìdá 20 nínú 100, ó sì lè dín tó bẹ́ẹ̀. Mo lo robust optimization, ìyẹn wíwá ètò ìṣiṣẹ́ tó máa dúró bó ti wù kí iye náà yí padà. Èsì tí mo rí? Compressor á máa sáré láàárọ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ gáàsì inú páìpù náà ló ń jẹ. Ta ló máa gba irú ètò yìí?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ọmọ mi, wo ohun tí 20 yẹn ń ṣe. Nínú ìṣirò Weymouth, tó so ìfúnpá páìpù mọ́ ìṣàn gáàsì, fi ìfúnpá ìbẹ̀rẹ̀ páìpù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ìpẹ̀kun, yọ èkejì kúrò nínú èkíní: èyí tó kù ń bá ìṣàn tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ rìn. Ìṣàn lé ní ìdá 20, ìyàtọ̀ yẹn lé ní ìdá 44! O tún ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó kì í se ìrẹsì bíi pé gbogbo àlejò ló máa kó àna wọn wá. Lo Γ (gamma) tí àwọn olùwádìí Bertsimas àti Sim gbé jáde ní 2004, òun ló ń sọ iye iléeṣẹ́ tó lè yapa pa pọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 1.

Àdùkẹ́ Ring Road: Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ìlékún nìkan nìyẹn bá mu. Tí gíríìdì bá wó ńkọ́? Ṣebí Agbówó, Mọ́kọ́lá, Ring Road, gbogbo wa la jọ ń wọ òkùnkùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan, gáàsì ṣì ń wọlé, ìfúnpá ń gòkè. Kì í ṣe ìdá 20 ni wọ́n dín o, òdo ni. Ọmọ Agbówó, ètò tó o pè ní aláìléwu yẹn, tó kún páìpù dẹ́nu, òun ló máa kọ́kọ́ ṣí fáàfù ààbò. Fi Γ sí ti ìlékún. Ní ti ìdínkù, kí gbogbo wọn já sí òdo pa pọ̀. Tí páìpù rẹ kò bá yípo padà kan ara rẹ̀, to igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lọ́kọ̀ọ̀kan (mẹ́ta tí iléeṣẹ́ kan péré lé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan tí gbogbo wọn já sí òdo), kí solver, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ojútùú, wò wọ́n. Má wulẹ̀ wá duality kiri, ìyẹn ọgbọ́n yíyí ìṣirò sí ojú kejì rẹ̀, Weymouth ò kúkú lọ tààrà bí ìlà.

Ọmọ Agbówó: Kò yípo, àǹtí. Mo ti fi òdo yẹn sí i. Solver ní kò sí ojútùú, àfi tí mo bá jẹ́ kí wọ́n dín gáàsì tó ń wọlé kù láàárín wákàtí kan. Ṣé wákàtí kan ṣeé ṣe?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Àwọn tó ń ṣọ́ páìpù ni kí o bi, má fi àròsọ kọ ọ́ sínú iṣẹ́.