Owó ULEZ (agbègbè tí wọ́n ti ń gba owó èéfín ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù) fún ọkọ̀ tó ń lọ gbé èèyàn ní Heathrow: báwo ni wọ́n ṣe ń san án?

Ajílété:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ìyá wa fẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Reading. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni bààlúù wọn máa balẹ̀ sí Heathrow, àbúrò mi ló sì máa wá gbé wọn. Dísẹ́ẹ̀lì ni ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ, 2013 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń gba owó èéfín lọ́wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó kan Heathrow? Ṣé tóògéètì ni wọ́n ti ń san án?

ỌmọTákíé:
Ẹ kú àmójútó ìyá. Ó kan Heathrow. Láti 29 oṣù kẹjọ 2023 ni ULEZ ti gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, Hillingdon tí Heathrow wà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Títì M25 fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti yà lọ síbi tí ìyá ti máa jáde, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Kò sí tóògéètì, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn gan-an nìyí, torí kò sí lẹ́tà tó máa rán an létí pé kó wá sanwó. Ìtanràn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ máa gbé wá.

Kí ọkọ̀ má bàa san owó náà, èyí tó ń jẹ bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ dé Euro 4 (Euro ni ìpele òfin èéfín ọkọ̀ ní Yúróòpù), ìyẹn ọkọ̀ tó jáde láti 2006 lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ dé Euro 6, oṣù kẹsàn-án 2015 lọ. Ìdí tí wọ́n fi le mọ́ dísẹ́ẹ̀lì ni pé gáàsì olóró nitrogen dioxide inú èéfín rẹ̀ pọ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá ti ọmọdé tó ní ikọ́ fée. Mo fara mọ́ òfin náà. Ọkọ̀ 2013 sábà máa ń jẹ́ Euro 5, kò ní yege, ṣùgbọ́n kí àbúrò yín má fi ọdún nìkan ṣèdájọ́. Kó wọ tfl.gov.uk, ojúlé àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà síbi àyẹ̀wò, ibẹ̀ ló ti máa rí ìdáhùn tó dájú.

Màmá Ìbejì Ọ̀yọ́:
£12.50 ni lójúmọ́, tọ̀sán-tòru, àfi ọjọ́ Kérésì nìkan. Ẹ fiyè sí aago o. Òru aago méjìlá ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Bààlúù lè pẹ́, ìlà ibi tí wọ́n ti ń wo páásípọ́ọ̀tù lè gùn, àpò èlùbọ́ ìyá lè má tètè yọ lórí bẹ́líìtì. Tí ọkọ̀ bá wọlé láago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, tó wá jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn aago méjìlá, owó ọjọ́ méjì ni, £25. Ọkọ̀ tó wà lójú kan tí kò rìn kì í san ti ọjọ́ yẹn.

Ó lè san án ṣáájú. Bí kò bá sì rí i san ṣáájú, ó ní títí di òru ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìrìn náà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, £180 ni ìtanràn, £90 tó bá san án láàárín ọjọ́ 14. Kó da nọ́ńbà náà kọ láti inú ìwé ọkọ̀, torí ẹni tó bá tẹ òdo síbi tó yẹ kó tẹ lẹ́tà O ti san owó ọkọ̀ ẹlòmíì. Kó sì yẹra fún àwọn ojúlé ayédèrú tó ń gbà ju £12.50 lọ.

Owó ìsọ̀kalẹ̀ tí Heathrow ń gbà níwájú Terminal yàtọ̀ o. Sísan ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbé èrò níbi ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, páákì Short Stay ni kó lọ.

Ajílété:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé mo lè san án láti ìhín? Àbí ká kúkú gba Gatwick?

ỌmọTákíé:
Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà ló lè san án. Gatwick, Luton àti Stansted kò sí nínú ULEZ, pápákọ̀ òfurufú London City ló wà níbẹ̀. Láti Reading, M4, M25 àti M23 ló máa gbé e dé Gatwick láìwọ ULEZ rárá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Heathrow, kò tọ́ kẹ́ ẹ tìtorí £12.50 pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì RailAir wà tó ń ti Heathrow lọ tààrà sí ibùdókọ̀ ojú irin Reading. Kí àbúrò yín dúró de ìyá níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní débi kámẹ́rà kankan. Kó kọ́kọ́ wo aago tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún ìlà páásípọ́ọ̀tù àti ẹrù.