Màmá tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Màmá àgbà kan wà ní ìjọ Àgùdà wa, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe ń tò lọ gba Kómúníọ́nì, mo rí i pé okùn ni wọ́n fi di bàtà wọn tó ti já. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ nígbà ìkíni àlàáfíà, n ò mọ orúkọ wọn! Ó dùn mí wọra. Báwo ni mo ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láì dójú tì wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí a ṣe ń pè wọ́n. Nínú ìtàn Jésù ní Lúùkù orí 16, tálákà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀ ló ní orúkọ, Lásárù. Ọlọ́rọ̀ kò ní.

Ìdáhùn: Ṣé ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul wà níjọ yín? Láti 1833 tí Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá a sílẹ̀ ní Paris, ilé ni wọ́n ti ń lọ bá aláìní, ní méjì-méjì. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo jókòó tì wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n wá bi mí ní tèmi.