Ipò kìíní nínú kíláàsì: ṣé ó ń kọ́ ọmọ ni, àbí ó ń sọ ọ́ di ahun?

Ìyá Àdùnní béèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì karùn-ún nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní táàmù tó kọjá, ipò kejì ni wọ́n kọ sínú káàdì èsì rẹ̀, ó sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ máàkì 2 péré ni wọ́n fi jù ú lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣàìsàn wá yá ìwé rẹ̀ láti da iṣẹ́ kọ, ó ki ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní òun ò rí i. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Mọ́mì, tó bá mọ̀ ọ́n, á gba ipò mi." Ṣé bí ọmọ ṣe ń dàgbà nìyí, àbí àwa la kọ́ ọ?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìṣirò lọmọ yín ṣe, ó sì gbà á: níbi tí ipò kìíní bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ìmọ̀ ẹnìkan àdánù ẹnìkejì ni. Ní 1971, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọmọ aláwọ̀ funfun, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò pọ̀ sí kíláàsì kan náà nílùú Austin, ní Texas, ìjà kò tán láàárín wọn. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n gé ẹ̀kọ́ sí abala abala, abala tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ kan kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara wá di ẹni tí wọ́n ń tẹ́tí sí, torí bí wọ́n bá pa á lẹ́nu mọ́, àwọn náà ni yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ kíyè sí i pé kálukú ló ṣì ń ṣe ìdánwò tirẹ̀.

Bàbá Ìbàdàn:
Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n JAMB kò ní bi ọmọ léèrè ẹni tó bá a kàwé. Máàkì rẹ̀ nínú 400 ni wọn yóò wò. Ọmọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń du nǹkan láti kékeré, ìgbà wo ni yóò kọ́ ọ?

Àgbẹ̀ Èkìtì:
Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò JAMB lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dọọdún. Ọmọ tó ṣàìsàn yẹn kọ́ ló fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń ṣe àáró, oko bàbá mi lónìí, oko bàbá Táyé lọ́la, ìdíje wà níbẹ̀ dáadáa: ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ebè dé ìparí poro yóò máa fi àwa tó kù ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jókòó. Yóò yí padà wá bá ẹni tó kẹ́yìn kọ tirẹ̀, torí oúnjẹ kò ní dé títí ilẹ̀ yóò fi tán (ebi náà olùkọ́ ni). Singapore pàápàá, tí wọn kì í fi ìdánwò ṣeré, ti yọ ipò kúrò nínú káàdì èsì láti 2019.

Ìyá Àdùnní:
Ẹ ṣé o. Àwọn méjèèjì ló wà ní pálọ̀ báyìí. Tèmi ń ṣàlàyé ìṣirò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tún àmì ohùn inú àròkọ rẹ̀ ṣe. Ìwé abẹ́ ìrọ̀rí náà ti ká ní gbogbo igun.